Iyọ̀ Inú Ata Díndín

Garland, Texas
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlé, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú eruku ọyẹ́. Níbí, òtútù ló ń bá wa fà á. Yìnyín bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀nà ń yọ̀, wọ́n sì ní kí oníkálukú jọ́sìn nílé rẹ̀.

Ẹ ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ tó lọ sílé ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó. Dádì yóò rí i lórí WhatsApp wọn, wọn yóò sì kà á fún yín, torí lẹ́tà wẹ́wẹ́ orí fóònù kì í bá ojú yín mu.

Ilé oúnjẹ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Richardson fẹ́ se àsè kan ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Èbìbí. Ìdílé kan wà ní ilẹ̀ Faransé, àwọn Morvannet, tí wọ́n ti ń fi èso àjàrà ṣe wáìnì láti ayé bàbá-bàbá wọn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ta ọjà wọn ní Dallas. Wáìnì funfun méjì ni wọ́n ní, àti pupa méjì. Stella, ọ̀gá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Houston, sọ fún wọn pé oúnjẹ Yorùbá ni òun yóò gbé ka iwájú wáìnì náà. Èmi ló ní kí n yan oúnjẹ tó bá ìgò kọ̀ọ̀kan mu. Bí ó bá yọrí, èmi ni n ó máa bójú tó gbogbo wáìnì ilé oúnjẹ náà. Bí kò bá yọrí, mo padà sí lábù ọsibítù nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ wá, Màmá. Fíísà yín ṣì dára títí di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò pọ́n yín o, gbogbo Ìṣẹ́yìn ló mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn bíi tiyín. Kí ẹ tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ata díndín rán Túnbọ̀sún sí mi. Ẹ rántí rẹ̀, ọmọ ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, tó ń gbé ní Euless. Ó ń bọ̀ wálé wá wo ìyá rẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ata yẹn ni mo fẹ́ kí àlejò tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé náà bọ̀ kọ́kọ́ fi kan ẹnu.

Ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà,
Ọlábímpé

Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Èrèlé

Ọlábímpé,

Mo gbọ́ ìwé rẹ. Bàbá rẹ ló kà á, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi lábù, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. A wà. Ooru mú. Iná ìjọba dé lánàá, ó sì ti lọ.

Jẹ́ kí n wí tèmi. A rán ọ lọ sí yunifásítì, o di ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, o ń wọ aṣọ funfun, mo sì ń fi fọ́tò rẹ han ènìyàn. Nísinsìnyí ìgò lò ń ṣí. Nígbà tí àwọn Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere bi mí léèrè iṣẹ́ rẹ, mo ní o wà nídìí iṣẹ́ oúnjẹ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fò. Báwo ni díákónẹ́ẹ̀sì ṣe máa dìde nínú ìjọ sọ pé ọmọ òun ń ta ọtí?

N ó fi ata ránṣẹ́. Ata kì í ṣe ọtí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ti pé kí n wá, orúnkún mi kò jẹ́. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú yẹn ga.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Wáìnì tí ò ń wí yìí, báwo ló ṣe rí lẹ́nu? Má kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó sí mi. Bí ó bá kan, ṣé kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ni àbí kíkan ògì? Bí ó bá korò, ṣé bí ewúro ni àbí bí orógbó? Kọ ọ́ kí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lè mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Èkejì, bí ata náà bá dé, tọ́ ọ wò kí o tó fún ẹnikẹ́ni, kí o sì sọ fún mi bó ṣe rí.

Bàbá rẹ kí ọ. Ó ń béèrè bóyá ọkùnrin kankan wà ní Garland tí kì í ṣe ìgò.

Ìyá rẹ,
Díákónẹ́ẹ̀sì Mojíbọ́lá

Garland
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Ẹrẹ́nà

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé ọkùnrin pọ̀ ní Garland, ìgò ló ṣọ̀wọ́n.

Mo gbé ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú kí n tó kọ èyí, kí n má baà parọ́ fún yín.

Funfun àkọ́kọ́ kan. Kì í ṣe kíkan ògì. Ọ̀fun ni ògì ti máa ń kan èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni èyí ti ń kan, níbi tí ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń jáni, tí itọ́ á sun jáde lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí èèyàn tó mọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Wàrà Fúlàní tí ẹ máa ń dín ni mo fẹ́ gbé tì í, àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja. Ọ̀rá wàrà á rọ kíkan náà lójú, kíkan náà á sì gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu.

Funfun kejì dùn díẹ̀, bí omi ìrèké tí wọ́n bu omi là. Ata ni tirẹ̀. Ata á máa ta, adùn á máa pa á. Dọ̀dọ̀ àti ata díndín yín ló máa jókòó pẹ̀lú rẹ̀.

Pupa àkọ́kọ́ fúyẹ́. Ẹ rántí àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa, tó dùn tó sì tún ń fa ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ló rí. À ń gbé e sínú firíìjì díẹ̀ kí á tó bù ú. Adìyẹ sísun bá a lọ, ẹ̀fọ́ rírò náà bá a lọ.

Pupa kejì ni ọ̀gá. Inú àgbá onígi ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí kó tó wọ ìgò. Ẹ bi mí bóyá ewúro ni àbí orógbó. Kì í ṣe ìkankan, obì ni. Ó ń há mọ́ ahọ́n, bí ẹ bá wá mu omi lé e, omi náà á dùn. Ẹran ni tirẹ̀, ẹran ìgalà tàbí màlúù tó sanra, pẹ̀lú ata ṣín-ún báyìí. Bí pupa yìí bá pàdé ata gidi, ẹnu á máa jó, wáìnì náà á sì korò bí oògùn ibà.

Ẹ má rò pé mo ti di ọ̀mùtí. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí kì í gbé e mì. A ó gbà á sẹ́nu, a ó fi yí ẹnu ká, a ó sì tu ú sínú ife kan tó wà fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúnkún. Dádì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ẹ̀yin ni mo rí lórí òkè Àdó-Àwáyè pẹ̀lú àwọn aládùúrà, ẹ sì wà níwájú wọn. Orúnkún wo ló gun òkè yẹn tí kò lè gun ọkọ̀ òfurufú? Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ mi ló ń tì yín lójú, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ọlábímpé

Garland
Ọjọ́ keje, oṣù Igbe

Màmá,

Ẹ káàárọ̀.

Túnbọ̀sún dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo lọ gba ẹrù ní Euless, mo sì gbé ike ata náà lọ sí Richardson tààrà, nítorí Madame Morvannet, obìnrin tó ni wáìnì, tó wá tọ́ oúnjẹ wò ṣáájú àsè, ti ń dúró. Mi ò tọ́ ọ wò. Ta ló ń tọ́ ata ìyá rẹ̀ wò?

Mo to dọ̀dọ̀ sáwo, mo bu ata sí i, mo da funfun tó dùn sínú gíláàsì. Obìnrin náà fi fọ́ọ̀kì mú díẹ̀, ó sì gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ó mu wáìnì. Ó mu omi. Ó tún mu omi. Stella náà tọ́ ọ wò, ó ní, "Bímpé, what is this? It's all iyọ̀." Mo wá fi kan ẹnu ara mi. Iyọ̀ ni, Màmá. Bí ẹni bu iyọ̀ lé iyọ̀ ni. Kò sí wáìnì tó lè rí àyè jókòó lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ yín kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi etí mọ ìgbà tí epo bá gbóná, ẹ ò lè ṣèèṣì nídìí iyọ̀. Nítorí náà mo gbà pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ ò fẹ́ kí n ta ọtí, ẹ sì fi iyọ̀ bá mi sọ ọ́. Ẹ̀ bá ti wí i fún mi nínú ìwé, n bá ti gbọ́. Ojú tì mí níwájú àlejò. Ó dùn mí wọra.

Stella fún mi ní àǹfààní kan ṣoṣo sí i, ní ọjọ́ kẹta oṣù Èbìbí. Bí ìyẹn náà bá bàjẹ́, yóò pe ẹlòmíràn láti Houston. Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́.

Ọlábímpé

Garland
Ọdún Àjíǹde, ogúnjọ́, oṣù Igbe

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Àmì búlúù méjèèjì ti yọ lórí lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ti kà á fún yín. Mo pè, Dádì ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún pè, wọ́n ní ẹ ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn lọ́sàn-án.

Ibi tí mo ti ní kí ẹ má wá mọ́, mo kó o jẹ. Èyí tó kù, mi ò tíì kó o jẹ. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Bímpé

Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Igbe

Bímpé,

Ó pẹ́ tí mo ti kọ ìwé fúnra mi. Níbi iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí mo ṣe, ìwé oníwèé ni mo ń pín. Bí èyí kò bá gún, fara mọ́ ọn. Ìyá rẹ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ohun tó bá wù mí, ó sì jáde lọ sí ìpàdé.

Ata tí ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan péré yẹn, láti oṣù Òkúdù èṣí ni mo ti ń jẹ ẹ́.

O rántí ìgbà tí ibà àti òtútù gbé ìyá rẹ dè, tí a sọ fún ọ pé àìsàn náà ti lọ. Ohun kan bá a lọ tí kò padà. Kì í gbọ́ òórùn mọ́. Oúnjẹ kì í sì í ní adùn lẹ́nu rẹ̀. Iyọ̀, ata, oyin, bí òwú ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí fún un. A lọ sí Ìbàdàn, dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ìyá rẹ ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni olórí àwọn tó ń dáná nínú ìjọ, ó ní bí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò gba ìkòkò lọ́wọ́ òun pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyẹn ló fa ọ̀rọ̀ orúnkún. Ẹ̀rù ń bà á láti dáná níwájú àlejò láìmọ ohun tí òun sè. Iṣẹ́ rẹ kò tì í lójú tó bí o ṣe rò. Ó ń ṣàròyé lásán ni.

Ti iyọ̀ yìí, èmi ni kí o bá wí. Bí ó bá ti dáná tán, yóò bù ú fún mi, yóò ní, "Bàbá Bímpé, báwo ló ṣe rí?" Láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó ni mo ti ń dáhùn pé, "Ó dùn." Òótọ́ sì ni nígbà yẹn. Obìnrin náà á dúró, á máa wo ẹnu mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa yí ọ̀rọ̀ padà fún un. Mo ní ó dùn. Bí mo ṣe ń wí bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tó dín tìrẹ, mo fi kan ẹnu, mo ní ó dùn. Mo rò pé ó ti ń fura sí mi, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ìwọ náà tọ́ ọ wò.

Lẹ́tà tí o fi ṣàlàyé wáìnì yẹn, ó ti ní kí n kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Bí mo bá dé ibi ọsàn wẹ́wẹ́, á ní kí n padà sẹ́yìn.

Bàbá rẹ,
Abísóyè

Garland
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Igbe

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ ní kí n tọ́ ọ wò kí n tó fún ẹnikẹ́ni, mi ò tọ́ ọ wò. Mo wá jókòó, mo kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan. Nǹkan wà, ó sì dùn mí pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbé e kiri láti èṣí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹnu ló kù, ẹnu sì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá. Ẹ máa dáná, èmi á máa tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá pọ̀, n ó ní ó pọ̀. Bí kò bá tó, n ó ní kò tó. Èmi kì í ṣe Dádì.

Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, ata tí mo dín fúnra mi ni n ó gbé fún Stella. Kò lè dà bíi tiyín, ṣùgbọ́n ó máa gbé wa dé ọjọ́ àsè.

Ọmọ yín,
Ọlábímpé

Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Igbe

Ọlábímpé,

Mo ti forí jì ọ́. Mo bínú sí ọ, ṣùgbọ́n mo bínú sí bàbá rẹ jù. Obìnrin á máa bi ọkọ rẹ̀ ní òótọ́, ọkọ á máa fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Mo sunkún nígbà tí o ní mo fi iyọ̀ bá ọ jà. Kì í ṣe ẹ̀sùn náà ló pa mí lẹ́kún. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni pé ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń ṣe ohun tí èmi fúnra mi kò mọ̀.

Mò ń bọ̀. Mo ti sọ fún Pásítọ̀ pé mò ń lọ dáná fún àlejò ọmọ mi. Mi ò sọ ohun tí wọ́n máa mu lé e lórí, òun náà kò béèrè. Wá wàrà sílẹ̀ dè mí, bí ó bá wà níbẹ̀. Má ra ti inú agolo.

Mo ti se ọbẹ̀ sínú firíìsà de bàbá rẹ. Mi ò bi í bó ṣe rí. Òun náà kò sọ.

Ìyá rẹ

Garland, Texas
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Èbìbí

Bàbá Bímpé,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àdágbé. Mo dé láyọ̀, orúnkún mi kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbí yìí, kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Láti ra iyọ̀ lásán, mọ́tò la máa wọ̀. Ọmọ yín ń sáré lórí ọ̀nà márosẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ata tí Bímpé dín lọ́jọ́ kẹta yẹn tẹ́ Stella lọ́rùn, a sì ti se àsè náà. Mo dín wàrà, mo se mọ́ínmọ́ín, mo ro ẹ̀fọ́, mo dín ata. Bímpé dúró tì mí nídìí sítóòfù, mo ń bù ú fún un, ó ń wí. "Màmá, kò tíì tó." "Ó tó, ẹ dúró níbẹ̀." Nígbà kan ó ní, "Màmá, ti ẹ̀fọ́ yìí ti pọ̀ díẹ̀." A da ẹ̀fọ́ tútù kún un, ó sì gún. Kò fi ojú wá ojú mi kó tó sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń sọ èsì ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní lábù. Ara tù mí.

Obìnrin Faransé náà fi dọ̀dọ̀ jẹ ata wa, ó mu funfun tó dùn lé e, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Stella ti fún Bímpé ní iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ bá mi sọ Yorùbá, èdè náà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó kàn dì mọ́ mi.

Ohun kan kù, ẹ má jẹ́ kó dé ìjọ. Nígbà tí àlejò lọ tán, Bímpé bu wàrà díndín fún mi, ó da díẹ̀ sínú gíláàsì nínú funfun àkọ́kọ́ yẹn, ó sì gbé ife tí wọ́n ń tu ú sí síwájú mi. Mo rò ó pé ohun tí n kò bá gbé mì, n kò mu ún. Mo jẹ wàrà náà, òwú ni, bó ṣe máa ń rí. Mo gba wáìnì sẹ́nu. Òórùn kò sí. Adùn kò sí. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi, níbi tí ọmọ yín kọ gẹ́lẹ́, nǹkan já mi, itọ́ sì sun lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo tu ú sínú ife. Mo ní, "Ó kan." Bímpé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó kan."

Inú mi dùn débi pé mo tún gbà á sẹ́nu. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, n kò lè búra pé gbogbo rẹ̀ ni mo tu.

Bóyá ìyókù yóò padà, bóyá kò ní padà, n kò mọ̀. Bí mo bá délé, n ó máa dáná lọ, n ó sì máa bi yín. Mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ọbẹ̀ tí mo fi sínú firíìsà, báwo ló ṣe rí?

Èmi ni,
Mojíbọ́lá

Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Èbìbí

Ìyá Bímpé,

Mo rí ìwé rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì dùn gan-an. Mi ò ní sọ fún Pásítọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Bá mi kí ọmọ.

Ọ̀sán yìí ni mo yọ́ ọbẹ̀ tó kẹ́yìn nínú firíìsà. O bi mí bó ṣe rí. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo jẹ ẹ́ tán.

Abísóyè